Ìwé orúkọ nọ́ọ̀sì kì í ṣe ìwé ọlọ́pàá: Ibi tó yẹ kí Libreville ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà

Ẹni tó bá fẹ́ wọ takisí ní Libreville kì í kàn ṣílẹ̀kùn kó jókòó. Á dúró létí títì, á na ọwọ́, á sọ ibi tó ń lọ àti iye tó fẹ́ san fún awakọ̀ láti ojú fèrèsé. Bí owó náà bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, á fun fèrè ọkọ̀, èrò á wọlé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wakọ̀ rẹ̀ lọ láìfèsì. Ọ̀dọ́ lè dúró títí ọkọ̀ mẹ́fà á fi kọjá. Ìyá ẹni ọdún 75 tí orúnkún ń ro, tó ń lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru nílé ìwòsàn ńlá, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀, kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Kó tó dé etí títì yẹn rárá, ó ti gun òkè.

Òkè àti kòtò ni Libreville. Títì ọ̀dà máa ń gba orí òkè. Ilé àwọn tálákà wà nísàlẹ̀, níbi tí àgbàrá ń wọ́ sí. Mapane ni àwọn ará ìlú ń pe irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Akébé, Kinguélé tàbí àwọn kọ̀rọ̀ Nzeng-Ayong mọ àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára amọ̀, ó sì mọ pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó bí ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn. Bí ọmọ ogún ọdún bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀, á dìde, á gbọn aṣọ rẹ̀. Arúgbó tó bá ṣubú níbẹ̀ lè má kúrò lórí ibùsùn mọ́.

Ìlú náà kò ṣaláìní ilé ìwòsàn. CHUL wà láàárín ìlú, ti Owendo wà, ti Angondjé wà ní Akanda, ti àwọn ológun náà wà. Bí ìjọba kan bá sọ pé òun fẹ́ ṣe nǹkan sí ọ̀rọ̀ ìlera, bíríkì àti símẹ́ńtì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ìyẹn kì í sì í ṣe ti Gabon nìkan. Àmọ́ àìsàn àgbà kì í ṣe irú èyí tó ń lé èèyàn sáré lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké. Ojú tó ń ṣe bàìbàì kì í sábà dun ni. Oúnjẹ tí kò wọlé mọ́, ẹsẹ̀ tí èèyàn ń wọ́, ọ̀rọ̀ àná tí èèyàn ti gbàgbé lónìí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń kà sí ọjọ́ ogbó, títí rọpárọsẹ̀ á fi kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá fi máa dé CHUL, iṣẹ́ tí ì bá jẹ́ ti nọ́ọ̀sì kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá láti fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ti di iṣẹ́ odidi wọ́ọ̀dù.

Nítorí náà, ètò ìlera fún àwọn àgbàlagbà Libreville gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn nísàlẹ̀ òkè, lójúlé sí ojúlé. Nọ́ọ̀sì ni yóò gbé e rìn. Ohun tí yóò sì pinnu bóyá ilẹ̀kùn á ṣí fún un kò sí nínú báàgì oògùn rẹ̀. Ó wà nínú ìwé tó bá fẹ́ kọ orúkọ sí.

Iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì náà fẹ́ ṣe kò díjú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà kan jáde ní 2019 tí wọ́n ń pè ní ICOPE, fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ohun mẹ́fà ló ní kí òṣìṣẹ́ ìlera yẹ̀ wò lára àgbàlagbà: ìrántí, ìrìn, oúnjẹ, ojú, etí àti ìdùnnú ọkàn. Kò sí èyí tó nílò iná mànàmáná níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì á sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ìyá, á bá a sọ nǹkan mìíràn, á tún padà bi í ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Á ní kó dìde lórí àga lẹ́ẹ̀márùn-ún láìfi ọwọ́ ti nǹkan, á máa wo aago: bó bá lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá 14, ẹsẹ̀ ṣì wà. Á bi í bóyá ó ti fọn ju kílò mẹ́ta lọ láàárín oṣù mẹ́ta láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, bóyá oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́. Á sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn etí rẹ̀. Á wo bó ṣe ń ríran lókèèrè àti nítòsí. Á sì bi í bóyá inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bóyá ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́. Bó bá fi ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kún un, ó lè parí ilé kan kí oòrùn tó mú.

Ibi tó nira ni ẹni tí yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Fang, Punu, Nzebi àti Myènè ni èdè ilé ọ̀pọ̀ àgbà Libreville; ti àwọn mìíràn ni Yorùbá, Fon tàbí Hausa. Faransé tí wọ́n fi ń nájà kò tó láti fi sọ ìbànújẹ́. Àwọn aṣètò máa ń rò pé ọmọ ilé á bá wọn túmọ̀. Ó dáa fún ọ̀rọ̀ orúnkún. Àmọ́ bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá ń jẹun kánú, bóyá ẹnikẹ́ni ń jágbe mọ́ ọn, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kọ́ ló yẹ kó túmọ̀ ìbéèrè yẹn. Obìnrin kan láti ojúlé kejì, tí ètò náà dá lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó sì ń san owó fún, ló yẹ kó bá nọ́ọ̀sì rìn. Òun ló mọ èdè, òun ló mọ ọ̀nà tí kò lómi, òun ló sì mọ ilé tí wọ́n gbé arúgbó sí yàrá ẹ̀yìn tí àlejò kì í dé.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Bí àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, tó ń rìn lóru, tó ń pe orúkọ òkú, ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá ló ti rò pé àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Ẹ̀sùn àjẹ́ kò ṣàjèjì sí Gabon náà. Nọ́ọ̀sì tó bá lè jókòó ti ọmọ ilé, kó ṣàlàyé pé àìsàn ọpọlọ ni, pé ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, lè gba ẹ̀mí kan là lọ́jọ́ yẹn láìlo abẹ́rẹ́ kankan.

Àwọn tó ń ka èyí láti Ìbàdàn lè rántí pé wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ nílé rí. Ní 1992, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lórí àìsàn ìgbàgbé ní Ìdíkàn, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun níwájú wọn. Wọn ò jókòó sí UCH kí wọ́n máa retí arúgbó. Wọ́n wọ agboolé lọ, wọ́n wá àwọn tó ti lé ní ọdún 65 kàn lójúlé sí ojúlé. Ìbéèrè tí wọ́n lò, wọ́n ṣe é kó lè bá ẹni tí kò kàwé mu, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì bi ará ilé ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Dókítà á sì tẹ̀ lé e lọ wo àwọn tí ìdáhùn wọn bá kọ wọ́n lóminú. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 fi hàn pé àìsàn ìgbàgbé kéré gan-an láàárín àwọn àgbà Ìdíkàn sí ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Gbogbo ayé sáyẹ́ǹsì ló fetí sí èsì yẹn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i ló yẹ kí Libreville yá lò: ẹni tó mọ àdúgbò kọ́kọ́ lọ, ẹni tó mọ oògùn tẹ̀ lé e. Ní 2012, ogún ọdún lẹ́yìn náà, ni UCH tó ṣí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Ilé náà dáa. Àmọ́ agboolé ni Ìbàdàn ti kọ́kọ́ mọ àwọn àgbà rẹ̀.

Ìdíkàn rọrùn ní ọ̀nà kan tí Libreville kò ní. Onílé ni àwọn àgbà Ìdíkàn. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹni tó wá kọ orúkọ òun fẹ́ lé òun kúrò nílùú.

Ní Libreville, àjèjì pọ̀. Láti ayé epo rọ̀bì ni àwọn èèyàn láti Benin, Nàìjíríà, Tógò, Kamẹrúùnù, Màlì àti Sẹ̀nẹ̀gà ti ń wọ ìlú náà, tí àwọn Yorùbá àti Nàgó wà lára wọn. Ẹni tó bá wọ ọjà Mont-Bouët á gbọ́ ohùn wọn kó tó rí wọn. Àwọn tó dé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún láyé Omar Bongo ti di arúgbó síbẹ̀ báyìí. Àwọn kan ò lè padà sílé mọ́ nítorí pé ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ kò sí mọ́; àwọn kan bí ọmọ síbẹ̀, ọmọ náà bí ọmọ.

Àwọn arúgbó wọ̀nyí mọ ohun tí ìwé orúkọ lè ṣe. Ní 1978, lẹ́yìn tí Bongo àti Mathieu Kérékou ti Benin já ara wọn nítan níbi ìpàdé àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Khartoum, Gabon lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin jáde. Ní 1995, ìjọba fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní gbèdéke, àwọn èèyàn tún di ẹrù wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, lábẹ́ Ààrẹ Brice Oligui Nguema, ìgbìmọ̀ mínísítà kéde pé àwọn òwò kéékèèké kan ládùúgbò di ti ọmọ Gabon nìkan. Orílẹ̀-èdè tó fẹ́ kí òwò kéékèèké bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìdí tirẹ̀, Yorùbá náà ò sì lè fi gbogbo ẹnu dá a lẹ́jọ́. Ghana lé wọn ní 1969, Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún àwọn tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní Kumasi. Ní 1983, Nàìjíríà ṣe ti ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ Ghana, tó fi di pé báàgì kan ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní.

Ojú ìyá tó rí gbogbo èyí ló fi máa wo nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bíró àti ìwé. Orúkọ? Ọjọ́ orí? Ìlú wo lẹ ti wá? Ìwé yín dà? Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ìbéèrè yẹn àti ti ọlọ́pàá. Á ní kí ọmọ òun sọ pé òun ò sí nílé. Nọ́ọ̀sì á kọ "kò sí nílé" sínú ìwé, ètò náà á jábọ̀ pé òun ti dé gbogbo ojúlé, ẹ̀jẹ̀ ìyá á sì máa ru lọ nínú yàrá.

Ọ̀nà àbáyọ kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Kí ìwé nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀kùn, kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti káàdì: nọ́ńbà ilé, orúkọ tí àdúgbò fi ń pe àgbà náà, ohun tó ń ṣe é, oògùn tó ń lò, ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì á padà wá. Kí wọ́n má kọ orílẹ̀-èdè. Kí ìwé náà má kúrò ní ilé ìtọ́jú àdúgbò, kí ilé iṣẹ́ ìlera sì kéde ní gbangba pé ẹ̀ka tó ń rí sí ìwé ìgbélùú kò ní rí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò tó. Kí nọ́ọ̀sì má wọ àdúgbò pẹ̀lú ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù mìíràn. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti ìkíni: ìmáàmù, pásítọ̀, àwọn ìyá ọjà, olórí àdúgbò. Nọ́ọ̀sì tó bá sọ "mbolo" fún ará Gabon, tó tẹ orúnkún díẹ̀ tó sì sọ "ẹ káàárọ̀ mà" fún ìyá Yorùbá, ti rí ààbọ̀ ìwé náà kọ.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti owó. Ta ni yóò san owó oògùn àjèjì, nígbà tí ọmọ Gabon pàápàá ń ṣàròyé? Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yin Gabon lórí ohun tó ti ṣe. Àjọ CNAMGS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007 fún adójútòfò ìlera, ní àpò pàtàkì kan fún àwọn ọmọ Gabon tí kò rí já jẹ. Fún àìsàn tó wọ́pọ̀, ó ń san 80 nínú 100 owó ìtọ́jú. Fún àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó ń san 90. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó jù ú lọ kò tíì dé ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù náà ní àpò tiwọn. Àjèjì tó ta aṣọ fún ogójì ọdún ní Mont-Bouët láìní ọ̀gá kò bọ́ sínú èyíkéyìí: kì í ṣe ọmọ Gabon, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ibo ni owó àpò àwọn tálákà yẹn ti wá? Ara àwọn ilé iṣẹ́ fóònù alágbèéká àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́ ni ìjọba ti kọ́kọ́ gba owó orí rẹ̀. WHO kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ti 2010 pé owó orí méjèèjì mú nǹkan bí 30 mílíọ̀nù dọ́là wọlé ní 2009. Ta ló ń fi owó ránṣẹ́ láti Libreville lọ sí Cotonou, sí Ṣakí, sí Bamako? Ta ló ń ra káàdì fóònù láti pe ilé lálaalẹ́? Ìyá tí wọ́n ní kò sí nínú ètò ti ń dá sí ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí wọn ò bá tilẹ̀ lè fún un ní káàdì ìtọ́jú kíkún, àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ọrẹ àánú. Amlodipine àti metformin wà lára oògùn tí owó wọn kéré jù láyé. Ohun tó wọ́n ni rọpárọsẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà ní ìbéèrè láti dáhùn. Níbi gbogbo tí Yorùbá bá ti ṣàtìpó, ẹgbẹ́ máa ń wà, wọ́n máa ń dá owó, bí ẹnì kan bá sì kú, wọ́n á wá bí wọ́n á ṣe gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Ìwà ọmọlúàbí ni. Àmọ́ ó ṣeni ní kàyéfì pé ẹgbẹ́ tó lè kó owó pósí àti ti ọkọ̀ òfuurufú jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kì í ní àpò fún oògùn alààyè. Owó tí wọ́n fi ń gbé òkú kan kọjá òkun á ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ̀pọ̀ àgbà fún ọdún kan. Bí ẹgbẹ́ bá lè san owó obìnrin ògbufọ̀ tó ń bá nọ́ọ̀sì rìn ní àdúgbò kan, ìjọba kò ní rí àwáwí ṣe mọ́.

Ti àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn kù. Iléèwé wà ní Libreville tó ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tó jáde níbẹ̀ ń retí wọ́ọ̀dù, kì í retí gọ́tà. Ẹni tí wọ́n bá rán lọ sí mapane láìfún un ní owó takisí, bàtà òjò àti oògùn tó máa pín, ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, á ti wá ọ̀nà padà sí ilé ìwòsàn. Oògùn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tó bá wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá, tó sọ fún un pé ó ga, tí kò sì ní nǹkan kan láti fún un, ẹ̀rù ló fi sílẹ̀ nílé yẹn. Ìyá á lọ ra oògùn tí wọ́n ń tà lórí àtẹ lọ́jà. Samu Social Gabonais ti fi hàn pé ìtọ́jú lè jáde nínú ilé lọ bá aláìní lójú títì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé lọ, ọkọ̀ ò sì lè sọ̀ dé ìsàlẹ̀ Kinguélé. Ẹsẹ̀ ló ń débẹ̀.

Kò pọn dandan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlú. Àdúgbò kan tó, nọ́ọ̀sì mẹ́rin, obìnrin mẹ́rin tó mọ ọ̀nà, àti àpótí oògùn tí kì í gbófo. Ẹ̀ẹ̀rùn ńlá Libreville máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ó sì máa ń wọ oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ìgbà yẹn ni amọ̀ máa ń gbẹ, tí pákó orí gọ́tà kì í yọ̀, tí àwọn arúgbó sì máa ń jáde jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ló yẹ kí nọ́ọ̀sì lọ kí wọn, kí òjò tó padà dé.